Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Kọ́kọ́ Ṣe Mọ́tò Oníná

Ìbéèrè: Kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ ènìyàn kan tí ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe àwọn ará ìlú rẹ ní àǹfààní.

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáàrà: mọ́tò kékeré àti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀
(ii) Ìbí rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti ìyà tí ó jẹ ní kékeré
(iii) Iṣẹ́ ìwé dídì tí ó kọ́, àti bí ó ti ṣe dé ọ̀dọ̀ Davy
(iv) Mọ́tò ọdún 1821: bí ó ti ṣe é àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́
(v) Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án
(vi) Iṣẹ́ ọdún 1831 àti ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde
(vii) Ìwà rẹ̀, ọjọ́ ogbó rẹ̀ àti ikú rẹ̀
(viii) Ìgúnlẹ̀

Àròkọ

Bí ènìyàn bá dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tàbí ní ìlú Ìgbómìnà mìíràn bí Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, kò ṣòro láti rí àwókù rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì láàárín ẹrù tí wọ́n kó jọ sí kọ̀rọ̀ ilé. Nínú irú àwókù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti máa ń yọ mọ́tò kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Wọn a so wáyà méjì mọ́ ọn, wọn a fi wáyà náà kan orí àti ìdí bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọn a sì fi ike tí wọ́n gé bí abẹ̀bẹ̀ sí i lórí. Lójú ẹsẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrìbìrì. Mọ́tò tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí ń rìn lójú títì. Ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń mú yí ni. Òun ni ó wà nínú fáànù, nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata nínú ilé, nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga, àti nínú fóònù tí ń gbọ̀n nínú àpò. Ṣùgbọ́n kò sí odò tí kò ní orísun. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ayé ni Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday ní Newington Butts, àdúgbò kan tí ó ti di ara ìlú Lọ́ńdọ̀nù báyìí. James ni orúkọ baba rẹ̀, Margaret sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá iṣẹ́ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Michael sì ni ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀ ń ṣe. Àwa Ìgbómìnà mọ iyì alágbẹ̀dẹ: òun ni ó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àgbẹ̀, òun náà ni ó ń rọ ọ̀bẹ fún alápatà. Ṣùgbọ́n bí ara alágbẹ̀dẹ kò bá yá, owú a di ẹrù sí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí fún James. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, òṣì sì wọlé tọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1801, ọkà wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn sọ pé odindi búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún Michael ní ìgbà náà, òun náà ni yóò sì máa jẹ títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé.

Ìwọ̀nba ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni ó kọ́ ní ilé-ìwé. Ohun kan tí àwọn òbí rẹ̀ fún un tí òṣì kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwà. Ọmọ ìjọ Kírísítì kékeré kan ni wọ́n, ìjọ tí kò fi ọwọ́ kékeré mú òótọ́ sísọ, tí kò sì fẹ́ kí ènìyàn máa to owó jọ pelemọ. Inú ìjọ yìí ni Michael wà títí ó fi kú. Ẹ ó rí i níwájú pé ìwà tí ó kọ́ níbẹ̀ ṣe é ní àǹfààní.

Ní ọdún 1804, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni George Riebau, tí ń ta ìwé tí ó sì ń di ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ajíṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Yóò gbé ìwé ìròyìn lọ fún àwọn oníbàárà, yóò sì padà lọ gbà á nígbà tí wọ́n bá kà á tán. Ó ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọdún kan pé, Riebau gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọdún méje, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Nínú ọdún méje yìí ni Faraday kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ rán abala ìwé pọ̀, bí a ti ń lẹ̀ ẹ́, bí a ti ń gé etí rẹ̀ kí ó gún régé, àti bí a ti ń fi awọ bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì mú.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí ó ń dì kò wulẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lásán. Ó ń kà wọ́n. Nínú ìwé atúmọ̀ ìmọ̀ ńlá kan tí wọ́n gbé wá fún dídì ni ó ti kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Ìwé mìíràn tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Marcet kọ ni ó sì fi ojú rẹ̀ mọ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì. Kò gba ohun tí ó kà gbọ́ lásán. Ìwọ̀nba owó tí ó bá rí ni ó fi ń ra ìgò àti èròjà kéékèèké, a sì máa fi wọ́n dán ohun tí ó kà wò fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1810 baba rẹ̀ kú. Ní ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìrọ̀lẹ́. Ṣílè kan ni owó ìwọlé. Robert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ bí baba wọn, ni ó ń bá a san án.

Ní ọdún 1812, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Riebau, ọ̀gbẹ́ni William Dance, fún Faraday ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí Humphry Davy ṣe ní Royal Institution. Davy ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Faraday jókòó sí òkè, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó tún un kọ dáradára, ó ya àwòrán àwọn ohun èlò sí i, ó sì dì í ní ìwé tí ó nípọn gidigidi. Ní òpin ọdún náà, lẹ́yìn tí ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Davy, ó sì bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́. Inú Davy dùn sí i, ṣùgbọ́n kò sí àyè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n lé ọmọ iṣẹ́ kan nítorí ìjà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Faraday. Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 1813 ni ó wọ iṣẹ́ ní Royal Institution. Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú yàrá méjì ní òkè téńté ilé náà. Iṣẹ́ tí ó kọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ tí ó fẹ́ fún un.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1813 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1815, ó bá Davy àti ìyàwó rẹ̀ rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ìyàwó Davy ń lò ó bí ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, ìrìn àjò náà ni ó jẹ́ kí ó fi ojú kan Ampère àti Volta, ẹni tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ọdún 1800. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní ọdún 1820, Hans Christian Oersted, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, rí ohun ìyanu kan. Ó rí i pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà nítòsí wáyà náà yóò yà kúrò ní ibi tí ó kọjú sí. Èyí fi hàn pé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ ní agbára òòfà. Gbogbo àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. William Wollaston, àgbà onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rò ó pé ó yẹ kí wáyà lè máa yí lójú kan, bí òkòtó ti ń yí. Òun àti Davy dán an wò ní Royal Institution ní ọdún 1821, ṣùgbọ́n wáyà náà kò yí.

Ní ọdún kan náà, olóòtú ìwé sáyẹ́ǹsì kan bẹ Faraday pé kí ó kọ ìtàn gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti rí nípa iná mànàmáná àti òòfà. Ẹlòmíràn ì bá wulẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ kí ó sì tún un kọ. Faraday kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìdánwò náà ni ó ń tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1821 ni ó rí ohun tí àwọn àgbà kò rí. Ó ṣàkíyèsí pé agbára tí ó wà láàárín wáyà àti òòfà kì í fa nǹkan mọ́ra lásán, kì í sì í tì í lásán. Ńṣe ni ó ń fẹ́ yí po.

Ohun tí ó ṣe láti fi hàn bẹ́ẹ̀ kò le rárá. Ó mú ife kan, ó fi ìda lẹ òòfà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán. Ó wá bu mẹ́kúrì sínú ife náà títí orí òòfà nìkan fi yọ síta. Mẹ́kúrì jẹ́ irin tí ń ṣàn bí omi, iná mànàmáná sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí, ó so wáyà kan kọ́ láti òkè ní ọ̀nà tí yóò fi lè máa fì, ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wáyà náà kan mẹ́kúrì. Nígbà tí ó so orí bátìrì mọ́ wáyà, tí ó sì so ìdí rẹ̀ mọ́ mẹ́kúrì, iná gba inú wáyà sọ̀ kalẹ̀. Wáyà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òòfà po, kò dúró. Bí ó bá pa bátìrì náà lójú dà, ọ̀nà kejì ni wáyà yóò gbà máa yí. George, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, wà níbẹ̀. Ìtàn sọ pé ijó ni Faraday ń jó yí tábìlì ká. Kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó gbé Sarah Barnard níyàwó.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè mú kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbà á gbọ́. Nítorí náà, ó tún ṣe irú ẹ̀rọ kan náà ní kékeré, èyí tí ènìyàn lè kì bọ àpò. Ọ̀pá dígí kékeré kan ni, tí a fi kọ́ọ̀kì dí lórí àti nídìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ wọlé, mẹ́kúrì díẹ̀ yí i ká, wáyà tín-ín-rín sì so rọ̀ láti inú kọ́ọ̀kì òkè. Ó ṣe mélòó kan, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tí ó bá ti ní bátìrì àti òòfà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọwọ́ tí ó ti fi ọdún méje rán ìwé ni ó ṣe mọ́tò kékeré àkọ́kọ́ ní ayé.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí kò pẹ́ tí ó fi di ìbànújẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1821, Faraday tẹ ohun tí ó rí jáde, kò sì dárúkọ Wollaston àti Davy nínú rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ wá Wollaston lọ, ṣùgbọ́n kò bá a nínú ìlú. Kíá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó jí èrò Wollaston. Ẹ̀sùn olè ni wọ́n fi kàn án. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, kò ní baba olówó, kò lọ sí yunifásítì, kò sì ní ohun kan lọ́wọ́ ju orúkọ rere lọ. Bí orúkọ náà bá bàjẹ́, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́?

Faraday kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì fi ara pamọ́. Ó kọ̀wé sí Wollaston fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn rí ara wọn. Wollaston wá sí Royal Institution, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ hàn kedere: Wollaston ń wá wáyà tí yóò yí lójú kan; wáyà ti Faraday ń yí òòfà po. Àgbàlagbà náà kò bá a bínú mọ́. Síbẹ̀, inú Davy kò tíì rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Faraday ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society, Davy tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà takò ó. Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, ọdún 1824, wọ́n dìbò, ẹnì kan ṣoṣo ni kò sì fọwọ́ sí i. Faraday kò tìtorí èyí sọ̀rọ̀ Davy láìdára. Ó ń bu ọlá fún un títí láé. Láti ọdún 1832, ó ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nọ́ńbà náà ju 16,000 lọ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni ó ṣe ní ọdún 1831. Bí iná mànàmáná bá lè di agbára òòfà, ó rò pé ó yẹ kí òòfà náà lè bí iná. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ó we wáyà bàbà ní ọ̀nà méjì mọ́ òrùka irin kan. Bí ó ti fi iná sínú wáyà kìíní tàbí tí ó pa á, bẹ́ẹ̀ ni iná ń já wọ inú wáyà kejì. Ní oṣù Kẹwàá, ó ti òòfà bọ inú wáyà tí a we, ó sì tún fà á jáde, iná sì wá. Ní òpin oṣù náà, ó yí àwo bàbà pẹlẹbẹ láàárín orí òòfà ńlá, iná sì ń jáde láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ tí ń pèsè iná àkọ́kọ́ nìyẹn. Iná tí omi odò Ọya ń fún wa ní Kainji láti ọdún 1968 àti iná tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń fún aránṣọ ní Ìlá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wá.

Mọ́tò ọdún 1821 kò lè gbé ẹrù. Àwọn mìíràn ni ó tún un ṣe. Ní ọdún 1832, William Sturgeon ṣe mọ́tò tí ó ní ohun tí ń pa ọ̀nà iná dà ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá yí dé ìdajì, kí ó má baà dúró. Ohun náà ni bàbà kéékèèké tí ó wà ní ìdí mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1837, Thomas Davenport, alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí mọ́tò tirẹ̀. Ní ọdún 1960, William McLellan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe mọ́tò tí kò tó orí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ tí ó ní ẹ̀yà mẹ́tàlá.

Faraday lè di ọlọ́rọ̀ bí ó bá fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ń wá ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n sì ń san owó gidi, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n sílẹ̀ kí ó lè ráyè wádìí. Ó kọ oyè Sir, ó sì kọ ipò ààrẹ Royal Society. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọdé. Ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún Kérésìmesì fún wọn nígbà mọ́kàndínlógún. Kò mọ ìṣirò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n James Clerk Maxwell gba èrò rẹ̀, ó sì fi ìṣirò gbé e kalẹ̀. Nígbà tí ó ń dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ní ọdún 1858, Ọbabìnrin Victoria fún un ní ilé tí yóò máa gbé ní Hampton Court. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1867. Òun àti Sarah kò bímọ. Wọ́n sin ín sí ibojì Highgate ní Lọ́ńdọ̀nù, láìsí ayẹyẹ. Láti ọdún 1991 títí di ọdún 2001, àwòrán rẹ̀ wà lára owó ogún pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun tí kò fi owó ṣe nǹkan kan.

Ní ìparí, ìtàn Faraday fi yé wa pé kì í ṣe ilé olówó nìkan ni ìmọ̀ ń gbé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìwé ni ó kọ́ bí a ti ń dì. Ṣùgbọ́n ó ka ohun tí ó dì, ó dán ohun tí ó kà wò, ó sì ṣe ohun tí ó rí ní kékeré kí ẹlòmíràn lè rí i. Nígbà tí wọ́n pè é ní olè, ojú kojú ni ó lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ Ìgbómìnà tí ó bá ń tú mọ́tò àwókù rédíò wò, kí ó mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìṣeré lásán. Kí ó ṣí i, kí ó wo òòfà rẹ̀, kí ó ka iye ìgbà tí a we wáyà rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Faraday ṣe bẹ̀rẹ̀.